Ọdún tí mo fẹ́ di òǹkọ̀wé: ohun tí ojú mi rí

Nígbà tí ọdún 2024 ń parí lọ, mo kọ ohun márùn-ún tí mo fẹ́ ṣe ní 2025 sí ẹ̀yìn ìwé tí mo fi ń kọ gbèsè àwọn oníbàárà mi sílẹ̀. Mo fẹ́ kọ ìtàn àròsọ kan parí, kí ó tó 80,000 ọ̀rọ̀. Mo fẹ́ máa ka ìwé méjì lóṣooṣù. Mo fẹ́ kọ ìtàn kéékèèké mẹ́fà, kí n sì fi ọ̀kan nínú wọn ránṣẹ́ sí ìdíje. Ẹ̀karùn-ún ni pé kí ìtàn àròsọ náà ti wà lórí àtẹ kí ọdún tó parí. Tí ẹ bá ti kọ nǹkan rí, ẹ ó ti máa fi ẹ̀karùn-ún yẹn rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín nígbà náà, torí pé mi ò fi han ẹnikẹ́ni.

Ẹni tó ń gbèrò irú rẹ̀ ni mò ń kọ èyí fún, pàápàá ẹni tó bá fẹ́ fi Yorùbá kọ ọ́, tó sì níṣẹ́ mìíràn tó fi ń jẹun. Iṣẹ́ tèmi ni bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Tánkẹ̀, ní Ìlọrin, lójú ọ̀nà Yunifásítì. Mò ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ iṣẹ́ àṣekágbá, mò ń ṣe fọ́tókọ́pì, mò ń bá wọn di ìwé. Ọmọbìnrin méjì ló ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Láti àárọ̀ di alẹ́, ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ ni ìka mi ń tẹ̀, mo sì rò pé ẹni tó lè tẹ ti ẹlòmíràn, tara rẹ̀ ò ní ṣòro.

Ibì kan ni mo ti rí iye tí mo fi ń wọn ara mi. Ètò kan wà nígbà náà tí àwọn ará Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ ní 1999, NaNoWriMo ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ yóò kọ 50,000 ọ̀rọ̀ nínú oṣù kọkànlá, láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Tí ẹ bá pín in, 1,667 lójúmọ́ ni. Èmi wò ó pé mi ò lè sá eré wọn, mo ní kí n fara balẹ̀, kí n máa kọ 500. Tí mo bá kọ 500 lójúmọ́, 160 ọjọ́ ni 80,000 máa pé, oṣù kẹfà ò tíì dé àárín nìyẹn. Màá wá fi ìyókù ọdún tún un ṣe. Ìṣirò náà dán lójú mi débi pé mo fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lọ geere. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ni mo rí i pé ìtàn kọ́ ni mò ń kọ mọ́, iye ni mò ń kà. Gbólóhùn kan, màá wo ìsàlẹ̀ kọ̀ǹpútà bóyá ó ti pé. Tí kò bá pé, àwọn ẹ̀dá ìtàn mi á bẹ̀rẹ̀ sí í kíra wọn. Yorùbá kúkú lẹni tó ni ìkíni. Obìnrin kan á wọlé, á kí onílé, onílé á kí i, á béèrè ọkọ, á béèrè ọmọ, á béèrè ẹni tí ara rẹ̀ ò yá lóṣù tó kọjá, wọ́n á ṣàdúrà, wọ́n á ṣe àmín. Ìtàn ò tíì sún síwájú ní ìgbésẹ̀ kan, 500 ti pé, èmi sì ti pa kọ̀ǹpútà. Nígbà tí mo padà ka orí kẹta, ó ju ojú ewé kan lọ dáadáa tí wọ́n fi kíra wọn. Kò sẹ́ni tó kú, kò sẹ́ni tó jalè, kò sẹ́ni tó tilẹ̀ bínú.

Ìwọ̀n òyìnbó sì ni iye náà. Ẹ wo bí a ṣe ń kọ Yorùbá: “ó”, “ti”, “ń”, “kò”, “ni”, gbogbo wọn dá dúró, kọ̀ǹpútà sì ń ka ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ìtàn tí wọ́n fi 80,000 ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Yorùbá láìjẹ́ pé ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ pọ̀ sí i. Mò ń yọ̀ pé mò ń sáré, bẹ́ẹ̀ ojú kan náà ni mo wà.

Àmì ohùn tún ni ti ẹ̀gbẹ́ kejì. Mo fẹ́ kó pé láti ìbẹ̀rẹ̀, tòkè tìsàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ á máa bọ̀ lẹ́nu obìnrin inú ìtàn, èmi á ṣì máa wá bọ́tìnì. Kí n tó rí i, ohun tó fẹ́ sọ ti lọ. Mo fi oṣù méjì ṣe bẹ́ẹ̀ kí n tó gbà fún ara mi pé kí n máa kọ ọ́ lásán bí a ṣe ń kọ ọ́ síra wa lórí WhatsApp, kí n wá ya ọjọ́ mìíràn sọ́tọ̀ fún àmì. Nígbà tí mo wá ń fi àmì sí i, ó di dandan kí n máa pe ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan jáde lẹ́nu, ibẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ gbólóhùn tó gùn jù àti ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò ní sọ bẹ́ẹ̀ ní Òffà tàbí ní Ìlọrin. Nítorí náà, ẹ má fi àmì sílẹ̀ fún ẹlòmíràn láti bá yín fi sí i. Àtúnṣe ìwé yín wà nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan kún un tí mi ò rí ẹni tó sọ fún mi tẹ́lẹ̀. Àṣàkẹ́ ni obìnrin inú ìtàn mi ń jẹ́ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Mo wá fẹ́ kó máa jẹ́ Àjíkẹ́. Mo ní kí kọ̀ǹpútà bá mi wá gbogbo Àṣàkẹ́, kó fi Àjíkẹ́ rọ́pò wọn. Ó rí àwọn kan, ó fo àwọn kan, bẹ́ẹ̀ lójú tèmi ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Ọmọkùnrin kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa kọ̀ǹpútà, tó wá ṣe fọ́tókọ́pì, ló là á yé mi. Lẹ́tà tí mo fi fóònù tẹ̀ àti èyí tí mo fi láàpútọ́ọ̀pù tẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n gbà tò wọ́n pọ̀ nínú ẹ̀rọ yàtọ̀. Ọ̀kan jẹ́ ẹ tó ti ní àmì ìsàlẹ̀, tí wọ́n wá gbé àmì ohùn lé. Èkejì jẹ́ é tó ti ní àmì ohùn, tí wọ́n wá fi àmì sí nísàlẹ̀. Ojú ò mọ ìyàtọ̀, ẹ̀rọ mọ̀ ọ́n. Ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn náà ni mo ṣì ń bá Àṣàkẹ́ pàdé láàárín àwọn Àjíkẹ́, bí àlejò tó wá síbi ìnáwó tí wọn ò pè é sí. Kíbọ́ọ̀dù kan náà ni kí ẹ fi kọ ìwé yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ti fúláàṣì ò gùn. Ní ṣọ́ọ̀bù bíi tèmi, fúláàṣì gbogbo ayé ló ń wọ kọ̀ǹpútà. Orí fúláàṣì tí mo fi ń gba iṣẹ́ oníbàárà ni mo tọ́jú ìwé mi sí, fáírọ́ọ̀sì sì sọ gbogbo fáìlì orí rẹ̀ di ohun tí kò ṣeé ṣí mọ́. Orí méjì tí mo ti tẹ̀ jáde láti tún kà ni mo rí gbà sílẹ̀. Àwọn tó mọ̀ nípa ìwé kíkọ máa ń sọ pé ohun téèyàn bá tún kọ lẹ́yìn tó sọnù máa ń dára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ti orí kejì mi, tí kò sí lára méjèèjì yẹn, ò rí bẹ́ẹ̀. Ti àkọ́kọ́ dára jù, mo ṣì ń wá gbólóhùn kan níbẹ̀ tí mi ò rántí mọ́. Láti ìgbà náà, kí n tó sùn, mo máa ń fi ohun tí mo bá kọ ránṣẹ́ sí ímeèlì ara mi.

Ààwẹ̀ Rámàdáánì bọ́ sí oṣù kẹta lọ́dún yẹn. Mo ti gbà lọ́kàn mi pé ìwé kíkọ á sinmi, torí ta ni yóò gbààwẹ̀, tí yóò ṣiṣẹ́, tí yóò tún máa rò? Òdìkejì ló ṣẹlẹ̀. Láàárín ìgbà tí a bá jẹ sààrì tán àti ìgbà tí wọ́n bá pe ìrun àsùbá, àlàfo kékeré kan wà tí mi ò tíì fi ṣe nǹkan kan rí ju kí n tún sùn lọ. Oníbàárà ò sí, fóònù ò dún, orí ò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnì kankan. Iná kì í sábà sí, mi ò sì lè máa jó bẹntiróòlù nítorí ìtàn, mo bá fa bírò àti ìwé ìkọ̀wé yọ, mo tan tọ́ọ̀ṣì.

Ìwé ìkọ̀wé ò ní ibi tó ti ń ka iye ọ̀rọ̀. Nígbà tí mi ò rí nǹkan kà, mo wá òté mìíràn dá fún ara mi: kí wọ́n tó pe ìrun, ohun kan gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ nínú ìtàn tí kò ní ṣeé yí padà. Kì í ṣe dandan kó jẹ́ ohun ńlá. Àjíkẹ́ lè gba owó lọ́wọ́ ẹni tí kò yẹ kó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnì kan lè gbọ́ ohun tí wọn ò fẹ́ kó gbọ́. Ọkọ̀ ojú irin lè lọ kí ẹni tó yẹ kó wọ̀ ọ́ tó dé. Tí ó bá ti ṣẹlẹ̀, ojú ewé kan ni o, ìlà mẹ́wàá ni o, iṣẹ́ ọjọ́ náà ti parí, mo lè dìde lọ ṣe àlùwàlá. Tí mo bá kọ ojú ewé mẹ́ta tí nǹkan kan ò sì ṣẹlẹ̀, gbèsè ni mo jẹ di ọjọ́ kejì.

Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe lọ́dún náà, òté yìí ni mo lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé ó ṣiṣẹ́. Ìkíni tán nínú ìwé mi. Nígbà tí ọdún Ìtúnu-Ààwẹ̀ fi máa dé, mo ti ní ìtàn tó ń rìn, tí mo sì ń jí nítorí àtimọ̀ ohun tó kàn. Ní ìparí oṣù yẹn gan-an ni ìròyìn jáde pé àwọn tó ń ṣe NaNoWriMo ń kógbá sílé. Ó dùn mí díẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni ètò wọn tì lẹ́yìn débi tí wọ́n fi parí ìwé tí wọn ì bá má bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ ẹni tó lè ya oṣù kan sọ́tọ̀, tí iná rẹ̀ kì í lọ, tó ń fi èdè tí kíbọ́ọ̀dù gbọ́ kọ̀wé, ìwọ̀n rẹ̀ ò lè bá mi mu.

Lẹ́yìn ààwẹ̀ ni mo tún ṣìnà. Orúkọ tí mo fún un ni ìwádìí.

Ìdíkọ̀ rélùwéè Òffà ni ìtàn mi ti ṣẹlẹ̀, ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ogun abẹ́lé. Àjíkẹ́ ń ta ọ̀dùnkún dídín fún àwọn èrò tó ń bọ̀ láti Èkó àti àwọn tó ń bọ̀ láti Kánò. Mo wá ronú pé, ṣé ẹni tí kò mọ̀tàn rélùwéè lè kọ irú èyí? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Mo mọ̀ pé irin dé Ìbàdàn ní 1901, pé ó dé Jẹ́bà ní 1909. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo fi ìlà pupa sí i. Mo mọ orúkọ gómìnà, mo mọ bí wọ́n ṣe ń bu èédú sínú ẹ̀rọ ọkọ̀. Kò sí ọ̀kan nínú rẹ̀ tó wúlò fún obìnrin tó ń ta ọ̀dùnkún lẹ́yìn ogun. Oṣù kẹrin lọ, oṣù karùn-ún ń lọ, Àjíkẹ́ ṣì dúró ní ìdíkọ̀ tòun tàwo lórí. Ìwádìí dùn torí pé ó jọ iṣẹ́. Èèyàn á jókòó, á rẹ̀ ẹ́, ojú á dùn ún, kò sì ní sí ẹni tó lè sọ fún un pé kò ṣe nǹkan kan.

Ìyá àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, wà ní Òffà. Wọ́n tajà ní ìdíkọ̀ yẹn nígbà tí wọ́n ṣì wà ní abiyamọ. Ẹ lè máa béèrè pé kí ni mò ń wá nínú ìwé nígbà náà. Èmi náà bi ara mi bẹ́ẹ̀ nínú ọkọ̀, nígbà tí mo wọ̀ ọ́ ní Garéèjì Òffà, tí a gba Gánmọ̀ àti Ìdófìàn kọjá sí Àjàṣẹ́.

Àbẹ̀wò àkọ́kọ́ ò sèso. Bí akọ̀ròyìn ni mo ṣe lọ, pẹ̀lú ìbéèrè tí mo ti tò sílẹ̀. Mo gbé fóònù sí wọn lẹ́nu kó máa gba ohùn sílẹ̀, wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bíi pé wọ́n wà lórí rédíò, gbogbo rẹ̀ ìkìlọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́. Àwọn ìbéèrè mi, “bẹ́ẹ̀ ni” àti “mi ò rántí” ni wọ́n fi dáhùn púpọ̀ nínú wọn. Nígbà tí mo délé tí mo fẹ́ gbọ́ ohun tí mo gbà sílẹ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata lẹ́bàá ilé ló bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ dán ibi tí ẹ fẹ́ jókòó wò ná kí àgbàlagbà tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, torí wọn kì í sọ ọ́ bákan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tí mo padà lọ, mi ò béèrè nǹkan kan. Orí kìn-ín-ní ni mo mú lọ, mo ní kí wọ́n gbọ́ ìtàn tí mo kọ. Mi ò tíì ka ojú ewé kan tán tí wọ́n fi dá mi dúró.

“Náírà wo lò ń wí, Àbẹ̀kẹ́? Ìgbà wo lo ní obìnrin yìí ń tajà?”

Mo ní, “Ogun ti parí, Ìyá. Ó ti tó ọdún kan tó parí.”

“Owó ò tíì yí padà nígbà yẹn. Tọ́rọ́ ni. Sísì ni. Ṣílè ni. Ta ló fún un ní náírà?”

Èmi ni mo fún un. Èmi tí mo mọ ọdún tí irin dé Jẹ́bà. Náírà ò bẹ̀rẹ̀ títí di ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973, Àjíkẹ́ mi sì ti ń fi í ṣẹ́ owó fún èrò ọkọ̀ ní 1971.

Ọ̀rọ̀ wá bẹ́ lẹ́nu Ìyá. Pọ́n-ùn kan di náírà méjì. Ìyẹn ò le, torí ta ló ń ná pọ́n-ùn nídìí ọ̀dùnkún? Ṣílè di kọ́bọ̀ mẹ́wàá, sísì di kọ́bọ̀ márùn-ún, ìyẹn náà ṣeé gbà. Tọ́rọ́ ni ìjà. Tọ́rọ́ di kọ́bọ̀ méjì àbọ̀. Lóòótọ́ ni ìjọba ṣe àbọ̀ kọ́bọ̀ sáyé, àmọ́ ẹ wá a lọ́wọ́ ẹni tó ń yọjú lójú fèrèsé ọkọ̀ ojú irin tó fẹ́ gbéra! Tí ọlọ́jà bá ní kọ́bọ̀ mẹ́ta, èrò á ní ó ń rẹ́ òun jẹ. Tó bá gba kọ́bọ̀ méjì, ó ti pàdánù. Ìyá ní àwọn kan dín ọ̀dùnkún kù nínú ewé, wọ́n gba kọ́bọ̀ méjì. Àwọn kan gba mẹ́ta, wọ́n sì fi ẹyọ kan lé e. “Àwa tí a lẹ́nu,” wọ́n ní, “a gba mẹ́ta, a ò lé nǹkan kan.” Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, wọ́n ṣì ń pe kọ́bọ̀ mẹ́wàá ní ṣílè.

Mo gbé gbogbo ìtàn náà kúrò ní 1971, mo tì í sí ìparí 1972, kí owó lè yí padà mọ́ Àjíkẹ́ lọ́wọ́. Ìyẹn fún mi ní ohun tí mi ò ní tẹ́lẹ̀: ìdí tí obìnrin méjì tó ti ń jókòó tira wọn láti ìgbà pípẹ́ yóò fi bá ara wọn jà nítorí àbọ̀ kọ́bọ̀. Láti inú ìjà yẹn ni ìyókù ìwé ti jáde. Ìyá tún sọ ti títì. Láti ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni ọkọ̀ ti kúrò lápá òsì bọ́ sápá ọ̀tún ní Nàìjíríà, wọ́n ní ẹ̀rù ń bà wọ́n láti sọdá torí ọrùn wọn ṣì ń yí síbi tí ọkọ̀ ò ti bọ̀ mọ́. Gbólóhùn kan péré nìyẹn nínú ìwé mi, ṣùgbọ́n mi ò lè fi gbogbo èédú inú ìwádìí mi pààrọ̀ rẹ̀.

Ohun mìíràn tó tìdí àbẹ̀wò yìí yọ ni lẹ́tà. Nínú ìtàn náà, ọmọ Àjíkẹ́ kọ lẹ́tà láti Kánò. Àkọtọ́ òde òní ni mo fi kọ ọ́, èyí tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974. Ìyá ní àwọn lẹ́tà àtijọ́ nínú àpótí, “aiye” àti “enia” ló wà níbẹ̀, kì í ṣe “ayé” àti “ènìyàn”. Ẹni tó bá ń kọ ìtàn ìgbà náà, kí ó wo lẹ́tà ìgbà náà. Àpótí àwọn ìyá wa kún fún wọn, eku sì ń jẹ wọ́n.

Mo dé ọ̀rọ̀ àwọn òǹkàwé. Ọ̀rẹ́ mi kan ni mo kọ́kọ́ fún ní orí mẹ́rin. Ó dá a padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó ní, “Ó dáa gan-an, Ọlọ́run á gbé e ga.” Mo ṣe àmín. Kí ni màá fi àdúrà ṣe àtúnṣe sí? Ẹni tó fẹ́ràn yín ò ní sọ fún yín pé orí kejì ń múni sùn, àgàgà tó bá mọ̀ pé ẹ ń jí láàárọ̀ kùtù nítorí rẹ̀.

Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ló wá gbà mí, láìmọ̀. Tí iná bá lọ lọ́sàn-án, tí oníbàárà ò sì sí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè fún wọn. Mi ò sọ pé èmi ni mo kọ ọ́ lákọ̀ọ́kọ́. Ojú mi wà lórí ìwé, ẹ̀gbẹ́ ojú mi wà lára wọn. Ibi tí ọ̀kan bá ti mú fóònù, mo máa ń fi bírò kọ àmì kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà náà. Tí èkejì náà bá mú tirẹ̀, àmì méjì. Ó yà mí lẹ́nu pé ibi tí mo fọwọ́ sọ̀yà pé èdè mi dùn jù, tí mo to òwe lé òwe, ibẹ̀ ni àmì pọ̀ sí. Wọ́n mọ òwe, wọ́n ti gbọ́ ọ nílé. Ibi tí Àjíkẹ́ ti ń ka owó sábẹ́ ewé kí ìyá ọkọ rẹ̀ má bàa rí i, ìkankan nínú wọn ò mira. Nígbà tí iná dé, tí mo ní ká padà sẹ́nu iṣẹ́, èyí tó kéré jù ní, “Ṣé ìyá ọkọ ẹ̀ rí i?” Mo ní mi ò tíì mọ̀. Òótọ́ ni mo sọ, mi ò tíì mọ̀. Aago márùn-ún àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo mọ̀.

Mo gé àwọn òwe náà kúrò. Mi ò gé gbogbo rẹ̀, ẹ má bínú sí mi. Mo kàn rí i pé àgbàlagbà inú ìtàn kì í pa mẹ́ta tẹ̀léra àfi tí òǹkọ̀wé bá ń fẹ́ kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún òun.

Ẹ jẹ́ kí n yára sọ ti owó, torí ó ṣì ń dùn mí. Ní oṣù kẹjọ, pẹ̀lú ìwé tí kò tíì dé ìdajì, mo ti sanwó àsansílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ bá mi ya ẹ̀yìn ìwé, tó sì ní òun á bá mi gba ISBN, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ìwé kọ̀ọ̀kan mọ̀, mọ́ ọn. Àfojúsùn karùn-ún yẹn ló ń lé mi. Nígbà tó yá ni mo mọ̀ pé Ilé Ìkàwé Orílẹ̀-èdè, National Library, ló ń fún èèyàn ní ISBN ní Nàìjíríà, òǹkọ̀wé tó fẹ́ fúnra rẹ̀ tẹ̀wé jáde sì lè tọ̀ wọ́n lọ fúnra rẹ̀. Àwòrán tó yà fún mi, ọkọ̀ ojú irin aláràbarà irú èyí tí wọ́n ń fi ń sáré nílẹ̀ Ṣáínà ni. Owó náà lọ. Ṣùgbọ́n ohun tó burú ju owó lọ ni pé mo ti fi àwòrán náà sórí sítátọ́ọ̀sì WhatsApp mi. Láti ọjọ́ náà, “Ìwé ńkọ́?” di ìkíni. Oníbúrẹ́dì, “Ìwé ńkọ́?” Ìyàwó àbúrò mi níbi ìsọmọlórúkọ, “Ìwé ńkọ́?” Ó dé ibì kan tí mo ń gba ẹ̀yìnkùlé lọ sí ṣọ́ọ̀bù mi. Fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, mi ò lè kọ nǹkan kan, torí mo ti jẹ oyin ìwé náà tán kí n tó kọ ọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ dárúkọ ìwé yín fún ẹni tó lè ràn yín lọ́wọ́ nìkan. Nínú tèmi, àgbàlagbà kan àti ọmọ méjì ni.

Nígbà tí oṣù kejìlá dé, mo ṣí ẹ̀yìn ìwé gbèsè náà. Ìtàn àròsọ ò tíì parí: ó ti kọjá ìdajì, mo sì mọ bí ó ṣe máa parí. Ti ìwé méjì lóṣooṣù, mo tẹ̀ lé e títí mo fi rí i pé ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ nìkan ni mò ń yàn kí iye lè pé. Mo dá a dúró, mo mú ẹyọ kan tí mo fẹ́ràn, mo fi ọwọ́ dà orí kan nínú rẹ̀ kọ láti rí bí òǹkọ̀wé náà ṣe ń ti inú ọ̀rọ̀ ẹnu bọ́ sínú ìṣe. Ó kọ́ mi ju gbogbo àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ lọ. Ìtàn kéékèèké mẹ́fà, méjì ni mo kọ. Mo fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí ìdíje, orúkọ mi ò sí lára àwọn tí wọ́n mú, síbẹ̀ ó jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo tí mo lè fi bírò fagi lé pé mo ṣe é. Kì í ṣe ọgbọ́n mi. “Kí n fi ránṣẹ́” ni mo kọ síbẹ̀, mi ò kọ “kí n gbégbá orókè”, ó sì jẹ́ pé ẹyọ kan péré nìyẹn nínú márùn-ún tó wà lọ́wọ́ èmi nìkan, tí kò sì ní iye kankan nínú.

Fún ọdún tó tẹ̀ lé e, ohun méjì ni mo kọ. Kí ohun kan ṣẹlẹ̀ nínú ìtàn kí wọ́n tó pe ìrun àsùbá, ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀, torí ó yẹ kí n tún máa sùn. Kí n sì máa lọ sí Òffà lóṣooṣù pẹ̀lú orí tuntun.

Èyí kejì ti dá ọ̀ràn kan sílẹ̀ báyìí. Nígbà tí mo ń kàwé fún Ìyá, wọ́n sọ ọ̀rọ̀ ọkọ kan tí wọ́n fẹ́ kí wọ́n tó fẹ́ bàbá ìyá mi, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú rélùwéè. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n nínú ilé wa. Mo fi í sínú ìtàn, mo yí iṣẹ́ rẹ̀ padà, mo yí ìlú rẹ̀ padà. Wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n sì mọ̀ ọ́n lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Wọ́n ní kí n yọ ọ́ kúrò. Tí mo bá yọ ọ́, Àjíkẹ́ ò ní ìdí kankan tí yóò fi máa dúró wo ọkọ̀ Kánò lẹ́yìn tó bá ti tajà tán. Mo ti kọ orí náà lọ́nà méjì, ọ̀kan wà pẹ̀lú ọkùnrin náà, ọ̀kan kò sí i nínú. Lọ́jọ́ Sátidé màá gbé méjèèjì lọ, màá sì ka èyí tí kò sí i nínú ṣáájú.